Ariwo ìdérí ìgò lára mbira: ṣé ká yọ ọ́ ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ra kàlíńbà onírin 17 kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun èlò orin kékeré tí a ń fi àtàǹpàkò ta irin orí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ọmọ mi pàápàá fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo fídíò àwọn ará Sìmbábúè tí wọ́n ń ta mbira, ohun èlò onírin tiwọn tó jọ kàlíńbà. Ariwo ṣìì-ṣìì-ṣìì ló gba etí mi kan, bíi rédíò tí kò mú ìkànnì dáadáa. Àṣé ìdérí ìgò ni wọ́n so mọ́ ọn lára! Kí ló dé tí wọn ò yọ ọ́ kúrò kí orin náà lè mọ́? Ìkejì, ẹ̀gbọ́n mi ní agídìgbo tiwa ni wọ́n wò ṣe é. Ṣé òótọ́ ni? Ìkẹta, ìyàwó mi ní wọ́n fi ń pe ẹ̀mí òkú, òun ò fẹ́ ẹ nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ kọ́ ọ. Ẹ bá wa dá sí i.

*

Ẹ má yọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí èyí tó pọ̀ jù nínú èsì tí àwọn ènìyàn ti kọ sí ìbéèrè yìí ló ń sọ ohun kan náà: pé àìrí irinṣẹ́ gidi ló fà á, pé ká ní wọ́n rówó ni, wọn ì bá ti ṣe èyí tí ohùn rẹ̀ mọ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí ìdérí ìgò tó dé ilẹ̀ àwọn Shona, àwọn ará Sìmbábúè tó ni mbira, ìkarahun ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Nígbà tí ọtí inú ìgò wá kún ìgboro, ìdérí ìgò rọ́pò ìkarahun, ariwo náà ò sì kúrò níbẹ̀. Machachara ni wọ́n ń pe àwọn nǹkan tó ń dún wọ̀nyí. Ibi méjì ni wọ́n sì máa ń so wọ́n sí: ìdí pákó tí àwọn irin wà lórí rẹ̀, àti etí deze, ìyẹn igbá ńlá tí wọ́n ń ki mbira bọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè ròkè. Ẹni tó bá wù kó yọ ọ́, kò ní pẹ́ tó fi máa tú gbogbo rẹ̀. Wọn ò tú u, torí pé àwọn fúnra wọn ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ariwo yẹn wà nínú orin náà gẹ́gẹ́ bí irin ṣe wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta mbira á mọ ohun tí ariwo yẹn ń ṣe. Bí ìka bá kúrò lórí irin, ohùn irin náà á máa lọ sílẹ̀, àmọ́ ìdérí ìgò á ṣì máa gbọ̀n lórí pákó. Kí ìgbọ̀n yẹn tó dákẹ́, irin mìíràn ti dún. Àlàfo tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì á dí pátápátá. Níbi tí gbogbo rẹ̀ ti ń wọnú ara wọn báyìí, orin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókè tí ìka kankan ò tẹ̀. Ẹ̀yin náà á gbọ́ ọ, ẹni tó jókòó ti yín lè gbọ́ òmíràn, ẹni tó ń ta á sì lè máa kọrin tẹ̀lé ẹ̀kẹta. Ibi tí adùn rẹ̀ wà nìyẹn. Bí ẹ bá yọ ìdérí ìgò, ẹ ti gé ìdajì orin sọnù.

Ẹ sì jẹ́ ká wo ilé wa. Ta ló máa lọ bá àyàn lójú agbo kó ní kó já ṣaworo kúrò létí ìyáàlù rẹ̀ kí ohùn awọ lè mọ́? Kò sẹ́ni tó jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. A mọ̀ pé ohùn awọ àti ohùn ṣaworo ló jọ ń jẹ́ ìyáàlù. Ọ̀wọ̀ tí a ń fún ìlù tiwa, ẹ jẹ́ ká fún tiwọn náà.

*

Wọ́n ti ń bi mí bóyá ayédèrú ni kàlíńbà tí ẹ rà. Rárá o. Ohun èlò tó dáa ni, ó kàn ní ìtàn tirẹ̀ ni.

Òyìnbó ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Hugh Tracey. Oko tábà ló bá dé Sìmbábúè ní nǹkan bí 1921, ibẹ̀ ni orin àwọn òṣìṣẹ́ oko ti mú un lọ́kàn. Ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti máa gba orin ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ káàkiri, ó sì dá ilé ìkówèésí orin kan sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 1954. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàlíńbà fún títà. Ó mú ètò irin láti ara àwọn ohun èlò kéékèèké tó bá nílẹ̀, àmọ́ ó to ohùn rẹ̀ bíi ti dùùrù òyìnbó kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York lè fi ta orin tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Onírin 17 tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ọmọ-ọmọ èyí tí Tracey ṣe ni.

Èyí tí ẹ rí nínú fídíò yàtọ̀ sí i. Mbira dzavadzimu nìyẹn. Irin rẹ̀ máa ń wà láàárín 22 sí 28, wọ́n sì ń lù ú pẹlẹbẹ ni. Ìlà méjì ló wà lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ihò kan wà nísàlẹ̀ pákó lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni ẹ máa ki ìka ọmọńdinrin yín bọ̀ kó lè dúró. Àtàǹpàkò òsì ló ni ìlà méjèèjì tòsì, á máa tẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún á máa tẹ irin sílẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún á sì máa gba abẹ́ irin ta á sókè. Níbẹ̀rẹ̀, èékánná yẹn máa ta yín! Àwọn olùkọ́ máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dá èékánná sí díẹ̀, kó má gé e wọ ẹran.

*

Ẹ̀gbọ́n yín wá. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe nífẹ̀ẹ́ nǹkan ilé, àmọ́ mi ò lè bá wọn sọ pé ti Yorùbá ni àwọn Shona wò ṣe. Irin pẹlẹbẹ lórí pákó tàbí lórí àpótí, tí a ń fi ìka ta, ó wà káàkiri ilẹ̀ adúláwọ̀. Ẹ lọ sí Kóńgò, likembe wà níbẹ̀. Ẹ dé Màláwì, sansi ni wọ́n ń pè é. Ẹ kọjá òkun lọ sí Kúbà, ẹ máa bá marímbula, àpótí ńlá tí ẹni tó ń ta á máa ń jókòó lé lórí, tó sì ń dún lábẹ́ orin changüí ní agbègbè Guantánamo. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé ìmọ̀ rẹ̀ débẹ̀. Ní ti àwọn Shona fúnra wọn, àlùfáà Potogí kan tó ń jẹ́ João dos Santos ti kọ nípa irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, onírin mẹ́sàn-án, nínú ìwé tó jáde ní 1609. Nǹkan wọn ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Gbogbo wa là ń jà pé tiwa ni, ẹ wá bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá ládùúgbò yín pé kí wọ́n júwe agídìgbo. Òwe ló kù lẹ́nu: bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àpótí náà ńkọ́? Irin tiwa kò pọ̀ bíi ti mbira, ìró rẹ̀ sì wúwo. Òun ló ń dún bọ̀ọ̀m-bọ̀ọ̀m lábẹ́ orin, ẹni tó ń lù ú á sì tún máa fi ìka kan ara àpótí. Ẹ gbọ́ àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá dáadáa. Ẹ má kọ́kọ́ tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, bó tilẹ̀ ṣòro, ẹ wá agídìgbo lábẹ́ gbogbo ìlù àpàlà yẹn. Ní Èkó láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn bíi Adéolú Akínsànyà àti Fàtáì Rolling Dollar fi àpótí kan náà dá ijó ìgboro sílẹ̀ kí gìtá oníná tó gba gbogbo agbo. Ẹni tó bá ń kọ́ mbira, tó sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó yẹ kó wá agídìgbo kàn pẹ̀lú. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀kan máa la etí yín sí èkejì.

*

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín gba sùúrù. Mo rí i pé àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ nínú èsì tí wọ́n kọ. Kò dáa. Nǹkan tí ìyàwó yín sọ kì í ṣe irọ́.

Àwọn Shona máa ń ṣe bira, ìsìn ìdílé tó ń gba òru mọ́jú, mbira dzavadzimu ni wọ́n sì ń ta níbẹ̀ kí ẹ̀mí àwọn baba ńlá lè sọ̀ kalẹ̀ gun ẹni tí wọ́n máa ń gùn. Ìdílé a máa gbé ọ̀rọ̀ àìsàn, òjò àti ìjà ilé síwájú wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn míṣọ́nnárì fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú, tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé wọn pé nǹkan ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹni tó ní kò sí nǹkan ẹ̀mí kankan nínú rẹ̀ ń fojú di àwọn tó ni ín.

Àmọ́ ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ ni ti ẹ̀mí náà ń ṣi ẹ̀yin lọ́nà. Wọ́n ń ta á níbi ọtí, níbi ìgbéyàwó, lórí ìtàgé. Àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì kan ní Sìmbábúè gan-an ti gba ìlù, hosho (akèrègbè tí wọ́n ń mì) àti mbira wọlé fún orin ìsìn wọn. Oríṣi mbira kan sì wà tó ń jẹ́ nyunga nyunga, irin 15 péré ló ní, orin fàájì ni wọ́n mọ̀ ọ́n fún. Ìhà Tete ní Mòsáḿbíìkì ni Jege Tapera ti mú un wá, wọ́n sì wá ń kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Kwanongoma ní Bulawayo láti nǹkan bí 1960. Dumisani Maraire kọ́ ọ níbẹ̀, ó gbé e lọ sí yunifásítì kan ní Seattle ní 1968, ó sì fi nọ́ńbà 1 dé 15 sí àwọn irin náà kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa kà á. Ọmọ rẹ̀ Chiwoniso, tó kú ní 2013, fi nyunga nyunga yẹn kọrin tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn gidigidi. Bí ilé yín bá máa tòrò, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín gbọ́ Chiwoniso lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà.

Nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin tó wọ ibí, mo ní láti dárúkọ Stella Chiweshe. Nígbà tó fẹ́ kọ́ mbira, wọn kì í kọ́ obìnrin. Ọ̀pọ̀ ló lé e sẹ́yìn, àfi ìgbà tí ẹbí rẹ̀ kan gbà láti kọ́ ọ. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1974, ó tà gan-an, ó sì wá gbé mbira lọ sí Jámánì àti gbogbo ayé kó tó kú ní Oṣù Kìn-ín-ní 2023. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ta mbira lónìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tọ̀.

*

Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun gbọ́ Thomas Mapfumo, olórin ará Sìmbábúè, pé gìtá lásán lòun gbọ́, òun ò gbọ́ mbira kankan. Ẹ padà lọ gbọ́ ọ. Mbira kún inú gìtá yẹn.

Ọdún 1945 ni wọ́n bí Mapfumo. Lẹ́yìn 1970, ó wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ń dá àwọn awakùsà lára yá níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà ní Mhangura, orin òyìnbó ni wọ́n sì ń kọ jù. Joshua Dube tó ń ta gìtá fún wọn mú orin mbira, ó gbé e sórí okùn gìtá. Ohun tó ṣe nìyí: ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ okùn díẹ̀ nídìí, kí ohùn má fi lè gùn, kó máa já tìn-tìn-tìn bí irin tí àtàǹpàkò tẹ̀. Jonah Sithole wá mú ọ̀nà yẹn débi gíga. Ẹ tẹ́tí sí irin ara ìlù òyìnbó náà, àwọn méjì tó ń pàtẹ́wọ́ mọ́ra wọn yẹn. Hosho ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn akèrègbè méjì tí wọ́n rọ hóró sínú rẹ̀ tí wọ́n ń mì níbi bira. Wọn ò fi ohunkóhun sílẹ̀.

Ìgbà ogun òmìnira ni. Wọ́n ń pe orin náà ní chimurenga, bí wọ́n ṣe ń pe ogun náà. Ìjọba àwọn òyìnbó ti Mapfumo mọ́lé láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Lẹ́yìn òmìnira 1980, ó mú mbira gidi wọnú ẹgbẹ́ rẹ̀, gìtá àti irin wá ń dá ara wọn lóhùn. Nígbà tó yá, ó kọrin bá ìjọba tuntun náà wí nítorí ìwà jẹgúdújẹrá, ó sì kó lọ sí Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 2000. Ọdún 2018 ló tó padà wá ṣeré ní Harare. Mo ka olórin yẹn sí gan-an ni.

Ẹ gbọ́ àwo mbira tí kò ní gìtá nínú ní àárọ̀, kí ẹ gbọ́ Mapfumo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Etí yín á ṣí.

*

Mo padà sórí ìbéèrè àkọ́kọ́, torí ẹni tó ni ín ti kọ̀wé pé òun ti gbìyànjú láti kọ́ orin kan láti inú fídíò, ó sì sú òun: "ohun kan náà ló ń yí ká, kò lọ síbì kankan."

Apá kan lẹ gbọ́. Mbira ní alájọta. Ẹnì kan ń ta kushaura, òun ló ń lé orin. Ẹnì kejì ń ta kutsinhira, òun ló ń gbè é. Nínú àwọn orin kan, ohun kan náà gan-an ni àwọn méjèèjì ń ta, àmọ́ elégbè fi ìwọ̀n ẹyọ ìró kan ṣoṣo pẹ́ sẹ́yìn, débi pé ìka rẹ̀ ń bọ́ sínú àlàfo ẹni àkọ́kọ́. Ìró tẹ́nì kan ta lẹ́yọ-lẹ́yọ á wá di òjò tí ò dá.

Mo rántí ìgbà tí olùkọ́ mi, ọmọ Shona kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, kọ́kọ́ wọlé bá mi lórí Kariga Mombe, orin tí wọ́n sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ọwọ́ mi mọ apá tèmi dáadáa. Bó ṣe wọlé báyìí, etí mi sá lọ síbi tirẹ̀, àtàǹpàkò mi sì fẹ́ tẹ̀ lé e. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo dì mú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: ẹ kọ́ ẹsẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ìka.

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí. Gbólóhùn mẹ́rin ló wà nínú orin kan, ìró 12 ló sì wà nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48, á wá yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Hosho pín 12 yẹn sí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́rin nìyẹn. Àmọ́ ọwọ́ òsì lè máa pín in sí méjì-méjì lákòókò kan náà. Ẹ máa rí i pé bí ẹ bá gbé etí yín sórí mẹ́ta, orin kan lẹ gbọ́. Bí ẹ bá gbé e sórí méjì, orin mìíràn ni. Irin ò yí padà. Ẹni tó ní orin náà ò lọ síbì kankan, kó kọ́kọ́ fi orin mbira tó ń jẹ́ Nhemamusasa wò: kó gbọ́ ìró ìsàlẹ̀ nìkan títí á fi yí ká, kó tún gbọ́ ti òkè nìkan, kó tó wá gbọ́ méjèèjì pọ̀.

*

Ní kúkúrú, nípa àwọn tó ń sọ pé mbira tí àwọn rà "kò bá ohùn mu", pé app tí wọ́n fi ń yẹ gìtá wò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ má fi òòlù ti irin síwá-sẹ́yìn. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń to ohùn tirẹ̀. Ìtò ohùn kan wà tó ń jẹ́ nyamaropa, òmíràn ń jẹ́ gandanga, àwọn mìíràn sì wà. Ohùn ilé kan lè rẹlẹ̀ ju ti ilé kejì lọ pátápátá, kò sì sẹ́ni tó ń retí pé kó bá dùùrù mu. Kó bá ara rẹ̀ mu ni wọ́n ń fẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rírà ti wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ra mbira dzavadzimu, ọwọ́ oníṣẹ́ ní Sìmbábúè tàbí ẹni tó ń bá wọn tà á ni kí ẹ ti rà á. Ní 2020, UNESCO kọ ṣíṣe mbira àti títa á sínú àkójọ àjogúnbá aráyé, lórúkọ Sìmbábúè àti Màláwì. Ó yẹ kí owó yín dé ọwọ́ àwọn tó ń lu irin náà. Ẹ béèrè irú ìtò ohùn tó ní. Bí ẹ bá ní ẹni tí ẹ fẹ́ jọ máa ta á, méjì ni kí ẹ rà, lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan náà, kí ẹ sì sọ fún un pé kó to àwọn méjèèjì pọ̀, torí méjì tó ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá kì í sábà gbọ́ra wọn yé. Ní ti deze, igbá gidi dùn jù, àmọ́ ó máa ń fọ́ sọ́nà. Èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe pọ̀ lọ́jà báyìí, ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì lè wọ ọkọ̀ òfuurufú láìsí wàhálà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá machachara wà létí rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n so ó.